Bíṣọ́ọ̀bù tó ń ta páàtì mọ́tò àti kíláàsì ìdájí: bí ìjọ àwọn Mọ́mọ́nì ṣe ń rìn

ÌBÉÈRÈ: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà ni gbogbo wa ń lọ nílé. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 15 tó wà ní SS1, ti ń tẹ̀lé ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn Mọ́mọ́nì láti bí oṣù mẹ́ta. Ní báyìí ó ní òun fẹ́ máa lọ sí kíláàsì kan tí wọ́n ń pè ní sẹ́mínárì, ní aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí, kó tó lọ síléèwé. Mo bi í pé ta ni pásítọ̀ wọn. Ó ní wọn ò ní pásítọ̀, bíṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ní, bíṣọ́ọ̀bù ọ̀hún sì ń ta páàtì mọ́tò ní Gate. Irú bíṣọ́ọ̀bù wo nìyẹn? Ṣé wọ́n fẹ́ sọ ọmọ mi di àlùfáà ni? Ta ni mo lè bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀? – Ìyá Tóbi, Apẹtẹ, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN: Ìyá Tóbi, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú èyí tó ń já yín láyà kúrò nílẹ̀: sẹ́mínárì tí Tóbi ń sọ kì í ṣe ilé ẹ̀kọ́ àlùfáà. Orúkọ yẹn ló ń da àwọn èèyàn rú, pàápàá ní Ìbàdàn níbí, tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti pe sẹ́mínárì, ọkàn ẹni á lọ sí ti Saints Peter and Paul ní Bódìjà, níbi tí àwọn Kátólíìkì ti ń kọ́ àwọn tó fẹ́ di fádà. Ti àwọn Mọ́mọ́nì jẹ́ kíláàsì ẹ̀kọ́ ìwé mímọ́ fún àwọn ọmọ ọdún 14 sí 18, lọ́kùnrin lóbìnrin. Ọdún mẹ́rin ni. Ọmọ tó bá parí rẹ̀ á gba ìwé ẹ̀rí, á sì gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ: dókítà, télọ̀, ẹni tó ń tún fóònù ṣe. Sẹ́mínárì kì í fi ẹnikẹ́ni joyè.

Ti bíṣọ́ọ̀bù tó ń ta páàtì náà, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn lọ́dọ̀ wọn. Bó bá jẹ́ pé ṣọ́ọ̀ṣì ló ń san owó oṣù fún un ni ìbá yani lẹ́nu.

Orúkọ tí ìjọ náà ń jẹ́ gan-an ni Ìjọ ti Jésù Krístì ti àwọn Ènìyàn Mímọ́ Ọjọ́-Ìkẹhìn. Joseph Smith àti àwọn díẹ̀ ló dá a sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ New York ní Amẹ́ríkà ní 6 oṣù kẹrin 1830. Salt Lake City ní Utah ni olú ilé rẹ̀ wà lónìí. Mọ́mọ́nì jẹ́ orúkọ tí aráyé fi ń pè wọ́n nítorí Ìwé ti Mọ́mọ́nì, tí wọ́n kà sí ìwé mímọ́ pẹ̀lú Bíbélì. Ní 2018, Russell M. Nelson tó jẹ́ ààrẹ ìjọ náà nígbà yẹn ní kí wọ́n padà sí orúkọ wọn ní kíkún. Bí ẹ bá pè wọ́n ní Mọ́mọ́nì wọn ò ní bá yín jà, ṣùgbọ́n ẹnì kan lè rọra tún un ṣe fún yín. Oṣù kọkànlá 1978 ni àwọn míṣọ́nnárì wọn dé Nàìjíríà, ní ìhà gúúsù ìlà oòrùn. Ọdún yẹn kan náà, ní oṣù kẹfà, ni ìjọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà kí ọkùnrin adúláwọ̀ máa gba oyè àlùfáà, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi dù wọ́n láti àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ìtàn wọn ni, ó sì yẹ kí òbí mọ̀ ọ́n. Tẹ́ńpìlì wọn àkọ́kọ́ nílẹ̀ yìí wà ní Aba. 7 oṣù kẹjọ 2005 ni wọ́n yà á sí mímọ́. Tẹ́ńpìlì kì í ṣe ibi ìsìn ọjọ́ Ìsinmi o. Ilé ìjọsìn lásán ni èyí tí Tóbi ń lọ, ẹnikẹ́ni ló sì lè wọ ibẹ̀.

Ìpìlẹ̀ ìjọ wọn ládùúgbò ni wọ́n ń pè ní wọ́ọ̀dù. Kì í ṣe wọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn, kì í sì í ṣe ti ìdìbò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó jọ ti ìdìbò díẹ̀: ààlà ló ní. Òpópónà báyìí sí òpópónà báyìí, ẹni tó bá ń gbé inú rẹ̀, wọ́ọ̀dù yẹn ló máa lọ. Wọn kì í yan ìjọ nítorí pé ẹgbẹ́ akọrin ibẹ̀ dùn tàbí pé oníwàásù ibẹ̀ gbóná. Bí àwọn ọmọ ìjọ ládùúgbò kan kò bá tíì pọ̀ tó, ẹ̀ka ni wọ́n ń pè é, ààrẹ ẹ̀ka ló sì ń darí rẹ̀ dípò bíṣọ́ọ̀bù. Wọ́ọ̀dù bíi márùn-ún sí méjìlá, àti ẹ̀ka tó bá wà láàárín wọn, ni yóò para pọ̀ di ohun tí ìwé wọn lédè Yorùbá ń pè ní èèkàn. Inú Aísáyà ni wọ́n ti fa ọ̀rọ̀ yẹn yọ, níbi tó ti ń sọ̀rọ̀ àgọ́, okùn rẹ̀ àti èèkàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá délé ìjọsìn, «stake» lẹ máa gbọ́ lẹ́nu wọn.

Ibi tí Áńgílíkà bíi tiyín ti máa ń ṣìnà nìyí. Bíṣọ́ọ̀bù tiyín ń ṣàkóso gbogbo dáyósíìsì; bíṣọ́ọ̀bù tiwọn ń ṣàkóso wọ́ọ̀dù kan ṣoṣo. Fíkà ṣọ́ọ̀ṣì yín ni iṣẹ́ rẹ̀ jọ. Ẹni tó ga jù ú lọ tí ó sì sún mọ́ ọn ni ààrẹ èèkàn, òun náà pẹ̀lú olùdámọ̀ràn méjì àti ìgbìmọ̀ ọkùnrin méjìlá. Gbogbo wọn ní iṣẹ́ tí wọ́n fi ń jẹun, kò sì sí ẹni tó ń gba owó oṣù nítorí ipò yìí. Kò sẹ́ni tó kọ̀wé béèrè fún un pẹ̀lú. Ààrẹ èèkàn àti àwọn olùdámọ̀ràn rẹ̀ ló máa ń gbàdúrà, tí wọ́n á wo àwọn ọkùnrin wọ́ọ̀dù náà, tí wọ́n á fi orúkọ ẹnì kan ránṣẹ́ sí Àjọ Ààrẹ Ìkínní, ìyẹn ààrẹ gbogbo ìjọ náà àti àwọn olùdámọ̀ràn rẹ̀, ní Salt Lake City. Bí ìyẹn bá fọwọ́ sí i, wọ́n á pe ọkùnrin náà àti ìyàwó rẹ̀ jókòó. Ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé ìgbà yẹn ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbọ́. Ó gbọ́dọ̀ ti gbéyàwó. Wọ́n á fi jẹ àlùfáà gíga, ìpele kan nínú oyè àlùfáà wọn, bí kò bá tíì jẹ ẹ́.

Kò tíì parí síbẹ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi wọ́n á dá orúkọ rẹ̀ sójú gbogbo ìjọ, wọ́n á ní kí ẹni tó bá fara mọ́ ọn na ọwọ́ ọ̀tún sókè. Lẹ́yìn náà wọ́n á béèrè bóyá ẹnikẹ́ni wà tí kò fara mọ́ ọn. Kì í ṣe ìdìbò, nítorí kò sí olùdíje kejì, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe eré: bí ẹnì kan bá na ọwọ́ lòdì sí i, ọ̀kan nínú àwọn olórí yóò jókòó tì í lẹ́yìn ìsìn kó lè sọ ohun tó mọ̀. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn ni wọ́n á gbé ọwọ́ lé orí ọkùnrin náà, tí wọ́n á yà á sọ́tọ̀ fún iṣẹ́. Ìlànà yìí kan náà ni fún olùkọ́ àwọn ọmọdé, fún akọ̀wé, fún ẹni tó ń lu dùùrù, àfi pé ti àwọn ìyẹn kì í dé Amẹ́ríkà. Ọwọ́ bíṣọ́ọ̀bù tàbí ààrẹ èèkàn ló máa ń parí sí.

Bíṣọ́ọ̀bù sábà máa ń lo bí ọdún márùn-ún, ààrẹ èèkàn bí ọdún mẹ́sàn-án. Nígbà tó bá yá, wọ́n á dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbangba, wọ́n á tú u sílẹ̀, wọ́n á gbé e fún ẹlòmíì. Bíṣọ́ọ̀bù àná lè di ẹni tó ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún mẹ́fà lórin lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ní ilẹ̀ tí àwọn olùdásílẹ̀ ìjọ ti ń fi àga sílẹ̀ fún ìyàwó àti ọmọ, èyí ṣì ń ṣe àwọn èèyàn ní kàyéfì. Ohun kan wà tó ń bá a rìn o: ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ àlùfáà rí lẹ máa bá pàdé. Bíṣọ́ọ̀bù kan lè mọ bí a ti ń gbọ́ ẹjọ́ ọmọ tó ń bá òbí rẹ̀ jà, òmíì lè má mọ̀ ọ́n rárá, páàtì ló mọ̀. Ẹ má retí pé kó dáhùn ìbéèrè ìjìnlẹ̀ bí ẹni tó jáde ní Immanuel College, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn àlùfáà.

Òun nìkan kọ́ ló ń ṣiṣẹ́. Olùdámọ̀ràn méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, akọ̀wé wà fún ìwé orúkọ àti owó, akọ̀wé àgbà sì wà tó ń ṣètò ẹni tó máa rí i àti ìgbà tó máa rí i. Ẹ fi akọ̀wé àgbà yẹn sọ́kàn, mà á padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Àwọn obìnrin ní Ẹgbẹ́ Aranilọ́wọ́, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 17 oṣù kẹta 1842. Ààrẹ rẹ̀ ni ẹni tí bíṣọ́ọ̀bù máa ń gbára lé jù bí ìdílé kan bá wà nínú ìṣòro. Obìnrin ló tún ń ṣe ààrẹ àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin àti ti àwọn ọmọdé. Wọ́n máa ń gbàdúrà nínú ìsìn, wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ látorí pẹpẹ, ṣùgbọ́n obìnrin kì í jẹ oyè àlùfáà níbẹ̀, kò sì lè ṣe bíṣọ́ọ̀bù.

Ti owó, nítorí mo mọ̀ pé ẹ máa bi í: wọn kì í gbé igbá ọrẹ kiri. Kò sí ìkórè, kò sí «àwọn tó ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá kí wọ́n bọ́ síwájú». Ìdámẹ́wàá ń bẹ, ọmọ ìjọ ló sì ń san án, nínú àpòòwé tó fi lé ọwọ́ ọ̀kan nínú bíṣọ́ọ̀bù àti olùdámọ̀ràn rẹ̀, tàbí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èèyàn méjì ló gbọ́dọ̀ jọ ka owó náà. Ọrẹ ààwẹ̀ tún wà: lọ́jọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú oṣù wọ́n á gbààwẹ̀ oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mejì, wọ́n á fi owó oúnjẹ yẹn sílẹ̀ fún àwọn aláìní. Tóbi kì í ṣe ọmọ ìjọ. Kò sí ẹni tó yẹ kó béèrè kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Sẹ́mínárì kò sì gba owó iléèwé.

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ohun tí àwọn ọ̀dọ́ ń ṣe níbẹ̀ ló ń fa Tóbi. Lọ́dọ̀ wọn, ọmọkùnrin tó ti ṣèrìbọmi lè di díákónì láti oṣù kìíní ọdún tí yóò pé 12, olùkọ́ ní ọdún tí yóò pé 14, àlùfáà ní ọdún tí yóò pé 16. Ọ̀rọ̀ «àlùfáà» yìí gan-an ló sábà máa ń kó ìdààmú bá òbí. Ìpele ọmọdékùnrin nínú oyè àlùfáà wọn ni, kì í ṣe iṣẹ́ ayé rẹ̀. Ẹ lọ jókòó níbẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi kan, kí ẹ sì fojú sí tábìlì tí wọ́n fi aṣọ funfun bò níwájú. Ọmọ ọdún 16 méjì á wà nídìí rẹ̀, wọ́n á máa fi ọwọ́ bu búrẹ́dì sí wẹ́wẹ́ nígbà tí ìjọ ń kọrin lọ́wọ́. Ọ̀kan á kúnlẹ̀, á ka àdúrà kan tí wọ́n ti tẹ̀ sínú ìwé, tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Bíṣọ́ọ̀bù á máa tẹ́tí sí i ní ọ̀rọ̀ kan tẹ̀lé ọ̀rọ̀ kan. Bí ọmọ náà bá fo ọ̀rọ̀ kan, bíṣọ́ọ̀bù á ṣẹ́jú sí i, ọmọ á sì tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀ lójú gbogbo ìjọ. Lẹ́yìn náà àwọn ọmọ ọdún 12 àti 13 á gbé àwo kiri láti ìjókòó dé ìjókòó. Omi ló wà nínú àwọn ife kékeré náà, kì í ṣe wáìnì. Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń ṣe èyí. Ọmọ tó jẹ́ pé ilé nìkan ni wọ́n ti ń ní kó gbálẹ̀ á wá rí i pé bí òun kò bá dé, ìsìn kò lè bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Ẹ kò gbọ́dọ̀ fojú kékeré wo ìyẹn.

Àwọn ọmọ náà ní ààrẹ tiwọn láàárín ara wọn pẹ̀lú, ọmọbìnrin bẹ́ẹ̀ náà. Wọ́n ń ṣe ìpàdé, wọ́n ń wéwèé eré àti iṣẹ́ ìrànlọ́wọ́, àgbàlagbà á jókòó tì wọ́n. Níbi tó bá ti ń lọ dáadáa, àgbàlagbà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní Yorùbá, ká má parọ́, àgbàlagbà ló ń ṣe gbogbo rẹ̀, nítorí ó ṣòro fún wa láti wo ọmọ ọdún 13 kó máa darí ìpàdé láìbá a tún un ṣe.

Ní ti sẹ́mínárì gan-an, 1912 ló bẹ̀rẹ̀ ní Salt Lake City, nínú ilé kékeré kan lẹ́bàá iléèwé girama. Ti ìdájí bẹ̀rẹ̀ ní California ní 1950, níbi tí àwọn ọmọ wọn kò ti pọ̀ tó láti kọ́ ilé tì iléèwé kọ̀ọ̀kan. Èyí tó tàn kálẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀kọ́ mẹ́rin ló ń yí po, ọ̀kan fún ọdún kan: Májẹ̀mú Láéláé, Májẹ̀mú Titun, Ìwé ti Mọ́mọ́nì, àti Ẹ̀kọ́ àti àwọn Májẹ̀mú, ìwé mímọ́ wọn mìíràn, tí wọ́n ń kọ́ pa pọ̀ mọ́ ìtàn ìjọ wọn. Gbogbo ọmọ, bóyá ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé tàbí ó ti ń parí lọ, ẹ̀kọ́ kan náà ni wọ́n jọ ń kà ní ọdún kan. Ní 2026, Májẹ̀mú Láéláé ni. Ní 2027 yóò kan Májẹ̀mú Titun. Nítorí náà Tóbi kò pẹ́ jù, ibi tí wọ́n bá dé ló máa bá wọn. Láti 2025 wọ́n tún fi àwọn ẹ̀kọ́ ìmúrasílẹ̀ fún ìgbésí ayé kún un, bíi bí èèyàn ṣe ń kàwé yè, bí ó ṣe ń fara da ìbànújẹ́, bí ó ṣe ń múra fún iṣẹ́ míṣọ̀n. Míṣọ̀n yẹn, ẹ má gbàgbé rẹ̀: ọkùnrin lè lọ láti ọdún 18, fún oṣù 24, inú sẹ́mínárì sì ni wọ́n ti máa ń gbọ́ ọ lemọ́lemọ́. Àwọn ọ̀dọ́ oníṣẹ́ẹ̀tì funfun tí ẹ ń rí ní méjì méjì, tí wọ́n lẹ orúkọ mọ́ àyà, tí wọ́n ń jẹ́ «Alàgbà» nígbà tí irùngbọ̀n wọn kò tíì hù, iṣẹ́ yẹn ni wọ́n ń ṣe. Míṣọ̀n Ìbàdàn jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó wà ní Nàìjíríà.

Kíláàsì kan kì í ju bí ìṣẹ́jú 45 sí 50 lọ. Orin, àdúrà, ọmọ kan á sọ ọ̀rọ̀ ìṣírí ṣókí, lẹ́yìn náà wọ́n á ṣí ìwé. Olùkọ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í wàásù. Á bi wọ́n ní ìbéèrè, á ní kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rò sínú ìwé, á pín wọn sí méjì méjì kí wọ́n jọ wá ẹsẹ kan jáde. Àwọn ẹsẹ kan wà tí wọ́n á mọ̀ sórí. Olùkọ́ tí kò mọ̀ ọ́n ṣe á ka ìwé olùkọ́ fún wọn láti òkè délẹ̀, ọmọ á sì sùn lórí tábìlì. Ní aago mẹ́fà ìdájí, oorun kì í ṣòro láti rí. Olùkọ́ náà kì í gbowó. Ààrẹ èèkàn ló ń pè é, ó lè jẹ́ nọ́ọ̀sì, ó lè jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ UI, ó lè jẹ́ ìyá tó ti fẹ̀yìn tì. Ẹni tí ìjọ ń san owó fún níbẹ̀ ni alákòóso tó ń bójú tó sẹ́mínárì ní èèkàn mélòó kan, tó ń dá àwọn olùkọ́ lẹ́kọ̀ọ́, tó sì ń wo ìwé ìforúkọsílẹ̀.

Kí ọdún kan tó wọ àkọsílẹ̀ ọmọ, ó gbọ́dọ̀ wá ní ó kéré tán ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún ìgbà tí kíláàsì pàdé, kó ka ìwé tí wọ́n yàn, kó sì ṣe àwọn ìdánwò kéékèèké inú rẹ̀. Ẹ wò ó báyìí: bí kíláàsì bá pàdé ní ìgbà 160 lọ́dún, ọmọ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ ní 120, ó lè pa 40 jẹ. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dojú rú fún àwọn ọmọ tiwa nìyí. Ọdún kàlẹ́ńdà ni sẹ́mínárì ń tẹ̀ lé, oṣù kìíní ló ń bẹ̀rẹ̀. Iléèwé wa ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án. Ọmọ SS3 tó jẹ́ pé àárín ọdún ló ń ṣe WAEC, tí JAMB wà níwájú rẹ̀, á bá ara rẹ̀ ní ìdajì ọdún sẹ́mínárì nígbà tí ìwé dé e lọ́rùn. Ọmọ tó bá ti fi 40 rẹ̀ ṣòfò nítorí oorun lóṣù kejì kò ní rí ohun kankan yọ nígbà ìdánwò. Wọ́n máa ń gbà kó ṣe iṣẹ́ àṣepadà fún ọjọ́ tó pa jẹ, àmọ́ òun ló máa lọ bá olùkọ́ béèrè.

Ewu kejì ni ọ̀nà. Aago márùn-ún ààbọ̀ túmọ̀ sí pé ọmọ ti jáde nílé kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí ó bá jẹ́ ẹsẹ̀ ìṣẹ́jú márùn-ún ni, tí òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì jọ ń lọ, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Bó bá jẹ́ pé ó máa dúró de Máíkírà ní títì Apẹtẹ nínú òkùnkùn kó tó bọ́ sí Sángo, kí ó sì tún ti ibẹ̀ wá iléèwé rẹ̀ kan, ẹ máa sọ pé rárá, kò sì sí ẹ̀kọ́ ìjọ náà kankan tó ní kí ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ òbí kò mọ̀ ni pé ìdájí kì í ṣe dandan. Oríṣi mẹ́rin ló wà: ti ìdájí lójoojúmọ́, ti ojoojúmọ́ ní àkókò mìíràn, bíi lẹ́yìn iléèwé, ti àkàgbélé, tí ọmọ ń kà á fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ tí wọ́n á sì pàdé lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, àti ti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn olórí èèkàn ló ń pinnu èyí tó bá adúgbò mu, bí òbí bá sì sọ ìdí, wọ́n máa ń wá ọ̀nà. Èmi á fara mọ́ àkàgbélé fún ọmọ tí ilé rẹ̀ jìnnà. Ẹ̀kọ́ kan náà ni, oorun rẹ̀ á sì pé.

Ohun kékeré kan tún wà tó ń fa ìjà tí kò nídìí: orúkọ. Ọmọ á forúkọ sílẹ̀ ní Tóbi, ìwé iléèwé rẹ̀ ní Olúwatóbilọ́ba, ìwé ìbí ní orúkọ Gẹ̀ẹ́sì níwájú. Nígbà tí ẹ bá kó kúrò ní Apẹtẹ lọ sí Challenge tí akọ̀wé ibẹ̀ ń wá a, kò ní rí i, á tún un kọ, ọmọ kan á sì di méjì nínú ìwé. Orúkọ tó wà nínú ìwé ìbí ni kó lò.

Ní ti ààbò, ìlànà wọn wà ní kíkọ, ẹ sì lè dì í mú mọ́ wọn lọ́wọ́. Àgbàlagbà méjì ló gbọ́dọ̀ wà níbi tí wọ́n bá ti ń kọ́ ọmọ tàbí tí wọ́n ń bá ọ̀dọ́ ṣeré, kì í ṣe ẹyọ kan pẹ̀lú ọmọ kan nínú yàrá tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Ẹni tó ń bá ọmọdé àti ọ̀dọ́ ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ ṣe ẹ̀kọ́ kan lórí ààbò ọmọ, kí ó sì máa tún un ṣe ní ọdún mẹ́ta mẹ́ta. Bíṣọ́ọ̀bù tàbí olùdámọ̀ràn rẹ̀ máa ń bá ọ̀dọ́ kọ̀ọ̀kan jókòó sọ̀rọ̀, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún. Ọmọ lè ní kí òbí rẹ̀ tàbí àgbàlagbà mìíràn wà níbẹ̀. Ẹ sọ fún Tóbi pé ó ní ẹ̀tọ́ yẹn. Ẹ sì wo bóyá ìlànà yìí ń ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ ní ìdájí, nítorí ibi tí olùkọ́ kan ṣoṣo ti ń jí dé pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta ni ó ti máa ń yẹ̀. Bí kíláàsì bá wà nínú ilé ọmọ ìjọ kan, ẹ béèrè pé ta ni àgbàlagbà kejì.

Ọ̀rọ̀ ìrìbọmi ń bọ̀, bí kò bá tíì dé. Ọmọ ìjọ kọ́ nìkan ló lè lọ sẹ́mínárì. Ọmọ ìjọ mìíràn lè lọ bí òbí rẹ̀ bá yọ̀ǹda, ó sì lè kà á láìṣe ìrìbọmi rárá. Ṣùgbọ́n àwọn míṣọ́nnárì á bi í. Ìrìbọmi ọmọ ọwọ́ tí ẹ ṣe fún un ní Áńgílíkà, wọn kò kà á. Wọn á tún un ṣe, wọ́n á rì í bọ inú omi pátápátá. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Fún ọmọ tí kò tíì tó ọjọ́ orí òfin, wọ́n gbọ́dọ̀ gba àṣẹ òbí. Tóbi kò lè dá a ṣe, àwọn náà kò sì gbọ́dọ̀ ṣe é láìjẹ́ kí ẹ mọ̀. Kí ẹ tó gbà tàbí kí ẹ tó kọ̀, ẹ mọ̀ pé ìyàtọ̀ ẹ̀kọ́ wọn sí tiyín kì í ṣe kékeré. Wọ́n gba Baba, Ọmọ àti Ẹ̀mí Mímọ́ gbọ́, ṣùgbọ́n ẹni mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n pè wọ́n, kì í ṣe Mẹ́talọ́kan bí Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́ yín ṣe sọ ọ́. Wọ́n gbà pé wòlíì àti àpọ́sítélì wà láyé lónìí. Ọmọ ìjọ kì í mu ọtí, kì í mu sìgá, kì í mu kọfí, kì í mu tíì. Bí Tóbi bá kọ tíì àárọ̀, ìdí nìyẹn. Kòkó kò sí lára rẹ̀, torí náà ẹ fún un ní Bournvita rẹ̀.

Ẹni tí ẹ máa bá sọ̀rọ̀ ni bíṣọ́ọ̀bù wọ́ọ̀dù náà, kì í ṣe àwọn míṣọ́nnárì, tí wọ́n lè gbé wọn lọ sí ìlú mìíràn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ lọ lọ́jọ́ Ìsinmi. Ìsìn àkọ́kọ́ jẹ́ ìṣẹ́jú 60, ìsinmi díẹ̀ á wà, kíláàsì á tẹ̀ lé e. Wákàtí méjì ni gbogbo rẹ̀ láti 2019. Bó bá ṣe ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú oṣù lẹ lọ, kò ní sí ìwàásù tí wọ́n yàn, àwọn ọmọ ìjọ ló máa dìde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan sọ ẹ̀rí wọn, ẹ sì máa gbọ́ irú èèyàn tí ọmọ yín wà láàárín wọn. Ẹ má gbìyànjú láti dá bíṣọ́ọ̀bù dúró lẹ́nu ọ̀nà lẹ́yìn ìsìn, èèyàn mẹ́wàá ló máa wà níwájú yín. Ẹ béèrè akọ̀wé àgbà, kí ó fún yín ní àkókò. Bí ẹ bá jókòó, ẹ ní kó pe olùkọ́ sẹ́mínárì wá, kí Tóbi náà wà níbẹ̀. Ẹ bi wọ́n pé: ní ibo gan-an ni kíláàsì náà wà, aago mélòó ló ń parí, ta ni àgbàlagbà kejì, ọmọ mélòó ló ń wá láti ìhà Apẹtẹ, báwo ni wọ́n ṣe ń padà, ṣé àkàgbélé wà, kí ni wọ́n máa ń ṣe fún ọmọ tó ní ìdánwò. Bí wọn kò bá lè dáhùn ti àgbàlagbà kejì, kí Tóbi ṣì dúró sílé ní ìdájí títí wọ́n á fi rí i.